Orúkọ Akọni Ogun Lára Ilé Ìwòsàn: Ẹ̀kọ́ fún Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì ni ilé tí ìjọba kọ́, tàbí tí ó yà sọ́tọ̀, láti máa tọ́jú àwọn tó ti lo ìgbà èwe wọn lójú ogun, yálà wọ́n fara gbọgbẹ́ níbẹ̀ ni, tàbí wọ́n padà bọ̀ láìfarapa kí ọjọ́ ogbó àti àìsàn tó wá bá wọn nílé. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, irú ilé bẹ́ẹ̀ a máa jẹ́ orúkọ akọni kan tí a ti fi àmì ẹ̀yẹ ìgboyà dá lọ́lá, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ lè mọ̀ pé ìlú kò gbàgbé ẹni tó gbèjà rẹ̀. Ohun tí ètò orí rédíò yìí fẹ́ ṣàlàyé ni bí irú ìsọlórúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń wáyé, ẹni tí ó tọ́ sí, gbèsè tí ó ń gbé kọ́ ìjọba lọ́rùn, àti bí ó ṣe kan ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ó ní akọni, tí ó sì ní ilé ìwòsàn ńláńlá ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, ṣùgbọ́n tí àwọn méjèèjì kò tí ì pàdé ara wọn.

Yorùbá kì í fi orúkọ ṣeré. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹni tó fẹ́ fún ilé ìwòsàn ní orúkọ jagunjagun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ilé náà dáadáa, kí ó wo iṣẹ́ tí a ń ṣe nínú rẹ̀, kí ó sì wo ìgbé ayé ẹni tí ó fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́, bóyá àwọn nǹkan wọ̀nyí bá ara wọn mu. Láyé àtijọ́, oríkì ni àwọn baba ńlá fi ń pa orúkọ akọni mọ́. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà, tí ó pàgọ́ ogun sí Ìta-Ògbólú lẹ́bàá Àkúrẹ́ kí ó tó di olórí ogun Èkìtìparapọ̀ nínú ogun Kírìjì, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, kò nílò pátákó kankan kí àwọn ènìyàn tó mọ̀ ọ́n, nítorí pé ẹnu àwọn akéwì àti àwọn àgbà ni ilé tí orúkọ rẹ̀ ń gbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ìlú Oǹdó, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè ní Ẹ̀kímògún, ọdún Ògún jẹ́ àkókò tí àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn ọdẹ àti gbogbo ẹni tó ń fi irin ṣiṣẹ́ ń jọ bu ọlá fún òrìṣà tí ó ni ogun, tí ìrántí àwọn tó ti jà fún ìlú sì ń di ọ̀tun.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́, títì ọlọ́dà àti ilé ìwòsàn wọ ilẹ̀ Yorùbá, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ènìyàn sọ wọ́n. Ní Àkúrẹ́, òpópónà tí ó la àárín ìgboro kọjá ń jẹ́ orúkọ Ọba Adésídà, ní ìrántí Déjì tí ìgbà rẹ̀ gùn, tí ojú rẹ̀ sì rí bí ayé àtijọ́ ṣe yí padà di ayé òde òní. Ní ìlú Oǹdó, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a fi ń kọ́ àwọn olùkọ́ gba orúkọ Adéyẹmí, àlùfáà Áńgílíkà tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ tan ìmọ̀ ìwé ká, nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sì di yunifásítì ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ipò rẹ̀ yí padà, àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ Adéyẹmí kò kúrò níbẹ̀. Èyí fi hàn pé orúkọ tí ó bá iṣẹ́ ilé mu a máa pẹ́ ju ìjọba tí ó fi í sílẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn jù lọ wà ní ìlú Oǹdó kan náà. Lábẹ́ ìṣàkóso Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímìkò, ìjọba ìpínlẹ̀ kó àwọn ilé ìtọ́jú jọ sí ojú kan lápá Lájé, ó sì sọ àgbègbè náà di ìletò ìṣègùn. Níbẹ̀ ni ibùdó ìtọ́jú àwọn tó fara pa nínú ìjàǹbá wà, pẹ̀lú ibùdó ìtọ́jú àìsàn kíndìnrín, àti ibùdó àyẹ̀wò, èyíinì ni ilé tí a fi ẹ̀rọ yẹ ara, ẹ̀jẹ̀ àti egungun aláìsàn wò, kí dókítà tó lè mọ ohun tó ń ṣe é. Orúkọ Gani Fáwẹ̀hìnmi, agbẹjọ́rò àti ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn tí a bí ní Oǹdó ní 1938, ni wọ́n fi sọ ibùdó àyẹ̀wò náà. Fáwẹ̀hìnmi kì í ṣe ṣọ́jà, ṣùgbọ́n ó wọ ẹ̀wọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé ó kọ̀ láti dákẹ́ nígbà tí àwọn ológun ń ṣe ìjọba. Ní oṣù Kejìlá 2008, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fún un ní oyè ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè, ó kọ̀ ọ́, ó ní òun kò lè gba ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ìjọba tí kò ṣe dáadáa fún àwọn ará ìlú. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ló pa á ní oṣù Kẹsàn-án 2009, àrùn tí wọn kò tètè dá mọ̀ nígbà tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Nítorí náà, ilé tí a kọ́ kí a lè tètè mọ àìsàn tó wà lára ènìyàn ni orúkọ rẹ̀ bọ́ sí, ó sì bá a mu gan-an. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú èyí: àkọ́kọ́, àmì ẹ̀yẹ tí ìjọba ń so mọ́ àyà ènìyàn yàtọ̀ sí orúkọ tí ìlú fi ń rántí rẹ̀, èkejì, orúkọ a máa ní agbára púpọ̀ nígbà tí ohun tí ẹni náà jìyà rẹ̀ àti ohun tí ilé náà ń wò sàn bá jẹ́ ọ̀kan.

Àwọn ológun Nàìjíríà náà mọ iyì orúkọ, ṣùgbọ́n bárékè ni wọ́n sábà máa ń fún ní orúkọ akọni. Bárékè ńlá tó wà ní Odògbo ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ Adékúnlé Fájuyì, jagunjagun tí ìtàn rẹ̀ ń bọ̀ níwájú, bẹ́ẹ̀ ni bárékè kan ní Lọ́kọjà ń jẹ́ orúkọ Chari Maigumeri, jagunjagun tí ó kọ́kọ́ jà lábẹ́ àwọn Jámánì ní Kamẹrúùnù nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, tí wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Iron Cross, kí ó tó wá di ọmọ ogun Nàìjíríà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì tún gba àmì ẹ̀yẹ Military Medal nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní Àkúrẹ́, níbi tí Bìrìgéèdì 32, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyin àwọn ìbọn ńláńlá, fìdí kalẹ̀ sí, orúkọ odò Ọ̀wẹ̀nà ni bárékè náà ń jẹ́.

Ní ti ilé ìwòsàn, nọ́ńbà ni àwọn ológun fẹ́ràn jù. Ilé ìwòsàn àgbà ti ọmọ ogun ní Kàdúná ń jẹ́ 44, ti Yàbá ní Èkó ń jẹ́ 68, ti Àkíráà ní orílẹ̀-èdè Gánà, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1941 láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, sì ń jẹ́ 37 títí di òní. Nọ́ńbà bá iṣẹ́ ológun mu, nítorí pé ilé ìwòsàn ojú ogun lè ṣí kúrò níbì kan lọ síbòmíràn, kò sì sí ẹni tí yóò ṣi nọ́ńbà gbọ́. Síbẹ̀, nọ́ńbà kò lè sọ ìtàn. Ọmọdé tó bá kọjá níwájú ilé ìwòsàn 68 ní Yàbá kò lè ti ara nọ́ńbà náà mọ ẹni tó jà, ibi tó ti jà, tàbí ìdí tí ilé náà fi wà níbẹ̀.

Ilé ìwòsàn mìíràn wà ní Èkó tí orúkọ rẹ̀ kò fi orísun rẹ̀ hàn. Ilé ìwòsàn egungun ti Igbóbì, tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí ilé àwọn tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ tàbí lápá, bẹ̀rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì gẹ́gẹ́ bí ibùdó tí ìjọba amúnisìn ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó gbọgbẹ́, kí ó tó di ilé ìwòsàn fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Kejìlá 1945. Ẹni tí ọkọ̀ gbá ní òpópónà Òrè sí Oǹdó, tí wọ́n sì gbé lọ sí Igbóbì lónìí, ń jẹ nínú oúnjẹ tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ogun wọ̀nyẹn sè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí orúkọ ọ̀kan nínú wọn lójú ọ̀nà ilé náà.

Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni àṣà fífi orúkọ akọni sọ ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì ti gbilẹ̀ jù. Ilé ìwòsàn Hines, nítòsí ìlú Chicago, gba orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin ológun kan, Edward Hines kékeré, tí ó kú ní ilẹ̀ Faransé ní 1918, tí bàbá rẹ̀, oníṣòwò pákó, sì fi owó ńlá sílẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ ilé náà ní ìrántí ọmọ rẹ̀. Ilé ìwòsàn ti ìlú San Antonio, tí wọ́n ṣí ní 1973, gba orúkọ Audie Murphy, tí ó gba Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, nítorí ìjà kan tí ó jà ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Kìíní 1945, nígbà tí kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún. Òfin orílẹ̀-èdè náà sọ pé orúkọ ìlú tàbí agbègbè tí irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ wà ni yóò máa jẹ́, àfi tí àwọn aṣòfin bá ṣe òfin pàtó láti fún un ní orúkọ ènìyàn. Nítorí náà, mínísítà kan kò lè jí lówùúrọ̀ kí ó sì fi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ilé ìwòsàn, nítorí pé àwọn aṣojú ìlú ní láti jókòó, kí wọ́n jíròrò ní gbangba, kí wọ́n sì dìbò. Àmọ́ òfin náà kò dènà gbogbo nǹkan, torí pé orúkọ àwọn olóṣèlú náà wà lára irú ilé bẹ́ẹ̀, bíi ti ìlú Jackson ní Mississippi, tí ó ń jẹ́ orúkọ aṣòfin kan. Ewu yìí ló yẹ kí gbogbo ìlú tó bá fẹ́ tẹ̀lé àṣà náà ṣọ́ra fún.

Kí a tó lè mọ ẹni tí ó yẹ, ó yẹ kí ìtumọ̀ àmì ẹ̀yẹ ogun yé gbogbo ènìyàn. Oríṣi méjì pàtàkì ló wà. Èkíní ni àmì ìkópa, tí a ń fún gbogbo ẹni tó bá ti jagun ní ibì kan láàárín àkókò kan, láìbèèrè ohun tí ó ṣe níbẹ̀. Èkejì ni àmì ìgboyà, tí a ń fún ẹni tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ jẹ́rìí sí pé ó ṣe ohun tó ju ojúṣe rẹ̀ lọ nígbà tí ikú ń wò ó lójú. Military Cross, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1914, wà lára oríṣi kejì yìí, àwọn ọ̀gá ológun ni wọ́n sì ń fún nígbà náà, nígbà tí Military Medal wà fún àwọn tí kì í ṣe ọ̀gá.

Lára àwọn tí wọ́n gba Military Cross ni Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, tí a bí ní 1926 nígbà tí Èkìtì wà lábẹ́ ìgbéríko Oǹdó tí Àkúrẹ́ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1943, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ British Empire Medal ní 1951 nítorí ipa tí ó kó láti pẹ̀tù sí ọ̀tẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun fẹ́ dì nítorí oúnjẹ. Nígbà tí Nàìjíríà rán àwọn ọmọ ogun lọ sí Kóńgò lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, Fájuyì ló ṣáájú ẹgbẹ́ kan ní àríwá Katanga, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde láàyè nígbà tí àwọn ọ̀tá ba dè wọ́n, ohun tí ó sọ ọ́ di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba Military Cross. Ní oṣù Kìíní 1966, ó di gómìnà ológun fún ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ní 29 oṣù Keje ọdún náà, àwọn ọmọ ogun tó dìtẹ̀ pa òun àti olórí orílẹ̀-èdè, Aguiyi-Ironsi, tí ó gbà lálejò ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rántí rẹ̀ títí di òní gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ikú dé. Orúkọ rẹ̀ ti wà lára bárékè ní Ìbàdàn, lára ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, àti lára ọgbà ìrántí ní Adó-Èkìtì. Àwọn tí ń fúnni ní ẹ̀yẹ ti fún un, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan wà tí ẹ̀yẹ rẹ̀ kò tí ì tó, òun sì ni ó bá ilé ìwòsàn mu jù lọ nínú gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó tó jagun. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nínú ìtọ́jú àwọn tó gbọgbẹ́. Ó tẹ̀lé àwọn ọmọ ogun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà, orílẹ̀-èdè tí ń jẹ́ Myanmar lónìí, níbi tí nǹkan bí 100,000 ọmọ Áfíríkà ti bá àwọn Jàpáànù jà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ibùdó ìtọ́jú kékeré tí ń tẹ̀lé àwọn ọmọ ogun káàkiri igbó ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé ẹni tó bá gbọgbẹ́ dé, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ní oṣù Kẹta 1944, lẹ́bàá odò Kaladan, àwọn Jàpáànù yọ sí wọn lójijì, wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọta ìbọn sì fọ́ egungun itan Fadoyebo. Àwọn tó kù ní láti máa lọ, wọ́n fi òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, sílẹ̀ nínú igbó ní ilẹ̀ àwọn ọ̀tá.

Fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, Shuyiman, àgbẹ̀ mùsùlùmí kan lára ẹ̀yà Rohingya, ń gbé oúnjẹ fún wọn, ó sì fi wọ́n pamọ́, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé bí àwọn Jàpáànù bá gbọ́, wọn yóò pa òun àti ìdílé òun. Ní òpin 1944 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dé agbègbè náà tí wọ́n sì gbà wọ́n sílẹ̀. Fadoyebo padà sí Nàìjíríà, ó di òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999. Ní 2011, akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, mú lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí Myanmar, ó sì rí ìdílé Shuyiman. Fadoyebo kú ní 2012, ọdún méjì lẹ́yìn náà sì ni ìwé tí Phillips kọ nípa rẹ̀ jáde.

Òkìkí Fadoyebo kò dúró lórí àmì ìgboyà irú èyí tí Fájuyì gbà. Ìdí tí orúkọ rẹ̀ fi yẹ ilé ìwòsàn ni pé ó wà ní apá méjèèjì iṣẹ́ ìwòsàn: ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn, ó sì tún di aláìsàn tí wọ́n fi sílẹ̀ láìsí olùtọ́jú, tí àlejò tí kò mọ̀ rí sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu kí ó lè wà láàyè. Ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn ní Oǹdó, tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, lè rí i nínú ìtàn ọkùnrin yìí pé kò sí aláìsàn tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ sínú igbó, ìbáà jẹ́ igbó Bọ́mà tàbí yàrá ilé ìwòsàn tí kò sí ẹni tó ń bẹ aláìsàn wò.

Ogun kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Oǹdó fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1967, nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, àwọn ọmọ ogun Biafra gba àárín-ìwọ̀-oòrùn kọjá, wọ́n sì dé Òrè, ìlú tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí, níbi tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró nínú ìjà tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Yorùbá fi ń sọ títí di òní pé, "Ó le kú, ìjà Òrè!" nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le kọjá àfẹnusọ. Gbólóhùn yìí wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn tó ṣubú níbẹ̀ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Níhà kejì ogun náà, àwọn ọmọ ogun Biafra tó di abirùn jókòó sí ẹ̀bá títì ní Oji River fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn arìnrìn-àjò. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí fún ẹni tí ìlú kò bá ní ilé ìtọ́jú fún, ìhà yòówù kí ó ti jà.

Lọ́dọọdún, ní 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ máa ń ṣe ayẹyẹ ìrántí àwọn ọmọ ogun. Ní Àkúrẹ́, bí ní àwọn olú-ìlú yòókù, gómìnà a gbé òdòdó lé ibi ìrántí, àwọn ọmọ ogun a yin ìbọn, wọn a sì tú ẹyẹlé sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì àlàáfíà. Ṣáájú ọjọ́ náà, wọn a máa ta àmì kékeré tí ènìyàn ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ ran àwọn opó àti ọmọ àwọn tó kú lọ́wọ́. Gbogbo èyí dára, ó sì ní iyì, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni. Ẹni tí a gé lẹ́sẹ̀ nílò ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọn yóò máa pààrọ̀ bí ó ti ń gbó. Ẹni tí ìbọn ti bà létí jẹ́ nílò ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ẹni tí ojú ogun ṣì ń yọ sí lójú oorun, tí ó ń jí lóru pẹ̀lú ìbẹ̀rù, nílò dókítà ọpọlọ tó mọ̀ pé àìsàn ni, pé kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kì í sì í dúró de ìgbà tí owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé.

Níbi yìí ni gbèsè tí orúkọ ń gbé kọ́ni lọ́rùn ti fara hàn. Bí ìjọba bá kọ orúkọ jagunjagun sára ilé ìwòsàn, tí ọmọ ogun arúgbó kan sì dé ẹnu ọ̀nà ilé náà tí wọ́n lé e padà nítorí pé kò ní owó káàdì, ìjọba náà ti fi orúkọ òkú dójú ti alààyè. Ó sàn kí ilé ìwòsàn máa jẹ́ nọ́ńbà, kí ó sì máa tọ́jú ènìyàn, ju kí ó máa jẹ́ orúkọ akọni nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ akọni náà ń kú síta.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ohun gbogbo tí ó nílò láti ṣe èyí dáadáa. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti yunifásítì ìṣègùn wà ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó. Ibùdó ìtọ́jú àwọn tó fara pa wà. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ fisiotẹ́rápì, èyíinì ni ìtọ́jú tí a fi ń kọ́ ẹsẹ̀ tó rọ àti ọwọ́ tó kú láti tún máa ṣiṣẹ́, wà ní yunifásítì náà. Kò di dandan kí ìjọba kọ́ ilé tuntun. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni kí wọ́n ya apá kan nínú àwọn ilé wọ̀nyí sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì, kí ìtọ́jú wọn níbẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ tàbí kí owó rẹ̀ kéré gan-an, kí wọ́n sì fi orúkọ Isaac Fadoyebo sọ ọ́.

Ètò tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀lé kò ṣòro. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àkúrẹ́ ni kí ó ṣe òfin rẹ̀, kì í ṣe ìkéde gómìnà nìkan, kí ìjọba mìíràn má bàa pa orúkọ náà rẹ́ nígbà tí ó bá dé. Kí wọ́n tó ṣe òfin náà, kí wọ́n pe ìdílé rẹ̀ ní Ẹ̀mùrè-Ilé, kí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n ní láti sọ, nítorí pé orúkọ kì í ṣe dúkìá ìjọba. Kí wọ́n pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Nigerian Legion, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì, kí àwọn tí ilé náà wà fún lè sọ ohun tí wọ́n nílò kí wọ́n tó kun ògiri. Kí òfin náà sì dárúkọ owó tí yóò máa wọlé fún ìtọ́jú wọn lọ́dọọdún, nítorí pé òfin tí ó fúnni ní orúkọ láìfúnni ní owó kò ju pátákó lọ.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n kọ ìtàn Fadoyebo sára ògiri ilé náà ní èdè Yorùbá tó mọ́, kí orúkọ Shuyiman àti ti David Kargbo sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé akọni kan kì í dá là. Kí àyè sì wà lórí ògiri náà fún orúkọ àwọn ọmọ Àkúrẹ́, ọmọ Oǹdó, ọmọ Ọ̀wọ̀, ọmọ Ìkàlẹ̀ àti ọmọ Àkókó tí wọ́n bọ́ sójú ogun ní Bọ́mà, ní Kóńgò, ní Òrè, ní Liberia, ní Sierra Leone àti nínú ìjà tó ń lọ ní ìlà-oòrùn àríwá Nàìjíríà, bí àwọn ìdílé bá ti ń mú orúkọ wọn wá. Àwọn olùkọ́ ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama lè kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá síbẹ̀, kí wọ́n ka àwọn orúkọ náà, kí wọ́n sì lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé wọn bóyá ẹnì kan nínú ìdílé ti lọ sógun rí.

Yínni yínni, kẹ́ni ó lè ṣe mìíràn ni àwọn àgbà wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń wọṣẹ́ ológun ní bárékè Ọ̀wẹ̀nà lónìí ń wo bí ìlú ṣe ń ṣe sí àwọn tó ti jà ṣáájú rẹ̀, ohun tí ó bá sì rí ni yóò fi díwọ̀n ohun tí ó tọ́ kí òun náà fi sílẹ̀ fún ìlú. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fi hàn pẹ̀lú orúkọ Fáwẹ̀hìnmi pé òun mọ bí a ṣe ń rántí ẹni tó fi ẹnu àti ìwé jà. Ó ku kí ó rántí ẹni tí ó fi egungun ara rẹ̀ jà, kí ó sì rántí rẹ̀ ní ọ̀nà tí yóò mú ìtọ́jú dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣì wà láàyè.